Ẹnì Kan Ń Fa Wi-Fi Gbogbo Ilé Sẹ́yìn: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ẹni Náà, àti Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe sí I

"A jọ dá owó Wi-Fi ni. Tó bá ku èmi nìkan nílé, ó ń sáré bí ẹṣin. Tí gbogbo ilé bá ti dé, WhatsApp gan-an kì í lọ mọ́. Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń gbé nítòsí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, láti South Gate dé Apatapiti, níbi tí yàrá mẹ́jọ ti ń pín ráútà kan. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi "ta ni" sílẹ̀ ná, "kí ni" ló ṣáájú. Ọ̀nà méjì ni ẹnì kan lè gbà ba Wi-Fi jẹ́ mọ́ ìyókù lọ́wọ́. Ó lè dí ọ̀nà tó jáde láti ilé yín lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sì lè gba gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà láàárín fóònù yín àti ráútà. Oògùn ti àkọ́kọ́ kì í wo èkejì. Ẹni tó ń ṣe èkejì yìí, dátà tó ń lò lóòjọ́ lè má tó 200 MB. Ìdí nìyẹn tí wíwo ẹni tó jẹ GB jù fi máa ń mú aláìṣẹ̀. Èmi náà ti mú aláìṣẹ̀ rí. Mo máa dé ibẹ̀.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Láptọ́ọ̀pù kan, tàbí fóònù tó ní ápù tó lè ṣe ping (ìyẹn ni kí ẹ̀rọ kan ké sí òmíràn, kó wọn bí èsì ṣe pẹ́ tó kó tó dé). Fing dáa, ó tún máa ń to gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí Wi-Fi yín lẹ́sẹẹsẹ.
- Páswọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ inú ráútà fúnra rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí páswọ́ọ̀dù Wi-Fi. Ẹ yí ráútà dojú dé, ó sábà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.
- Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan, tí ẹ bá rí.
- Bírò àti ìwé.
- Alẹ́. Ìgbà tí àìsàn bá ń ṣe é lọ́wọ́ ni ẹ óò yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá ṣe é ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí ẹni gbogbo ti lọ sí kíláàsì tàbí ọjà, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ìkìlọ̀: ẹ fi tó gbogbo ará ilé létí pé ẹ fẹ́ fọwọ́ kan ráútà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pa á nígbà tí ẹnì kan ń ṣe ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ibi tí ẹni tó ń ṣe POS ní iwájú ilé ti wà láàárín owó oníbàárà. Ìjà ọjọ́ yẹn kò kéré.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé ará ilé ni lóòótọ́?

Ẹ bẹ gbogbo èèyàn kí wọ́n pa Wi-Fi fóònù wọn àti ti gbogbo ẹ̀rọ yòókù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo mọ́ ráútà (tí kò bá sí wáyà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà), kí ẹ wá wo bó ṣe ń sáré sí. Tó bá ṣì ń wọ́ bí ìgbín, kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan nínú ilé yín. Ó lè jẹ́ pé dátà ti tó ibi tí iléeṣẹ́ ti máa ń dín eré rẹ̀ kù, tàbí pé èrò ti pọ̀ jù lórí òpó tó wà ládùúgbò. Àwọn tó ń ta dátà fún yín ni kí ẹ pè, kí ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà.

Tó bá sáré dáadáa, ẹ máa bọ̀.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ping méjì

Ẹ má fo ibí yìí o. Òun ló máa sọ irú àìsàn tó jẹ́.

1. Ẹ jókòó sí nǹkan bíi mítà méjì sí ráútà, kí ògiri má wà láàárín. Tí ẹ bá ṣe é láti yàrá yín lọ́hùn-ún, ìwọ̀nba agbára Wi-Fi tó dé ọ̀dọ̀ yín ni ẹ máa wọ̀n.
2. Ẹ wá àdírẹ́sì ráútà. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo iwájú Default Gateway. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. MiFi púpọ̀ ń lo 192.168.8.1.
3. Ẹ ṣí Command Prompt méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀kan ẹ kọ ping -t 192.168.0.1, ẹ fi àdírẹ́sì tiyín dípò rẹ̀. Nínú èkejì ẹ kọ ping -t 8.8.8.8, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀rọ Google kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
4. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí gbogbo ilé máa lo Wi-Fi wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó.
5. Ẹ tẹ Ctrl+C, ó máa ṣírò ìpíndọ́gba fún yín, pẹ̀lú iye tó sọnù sọ́nà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa kà á nìyí:

Ti ráútà wà ní 1 sí 10 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá), ti 8.8.8.8 wá ń fò láti 60 lọ sí 500, 900, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: afẹ́fẹ́ yín mọ́. Ọ̀nà àjáde ló dí. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ lọ sí abala "Upload".

Ti ráútà fúnra rẹ̀ ń fò sí 200, 400, tàbí ó ń kọ Request timed out: inú afẹ́fẹ́ ilé yín níbẹ̀ ni wàhálà wà. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ lọ sí abala "Afẹ́fẹ́".

Nǹkan kan ṣoṣo ló lè tàn yín jẹ níbí. Ráútà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kì í tètè dáhùn ping bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tí nọ́ńbà ráútà bá burú, ẹ fi wáyà tún un ṣe. Tó bá dáa lórí wáyà, tó burú lórí Wi-Fi, afẹ́fẹ́ ni lóòótọ́.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: wíwá ẹ̀rọ náà láìpe orúkọ ẹnikẹ́ni

Ẹ wọ ojúewé ráútà, kí ẹ wo iye ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: èèyàn mẹ́jọ, ẹ̀rọ mọ́kàndínlógún. Ẹ má retí kí orúkọ wọn yé yín. Fóònù Android láti 10 lọ sókè àti iPhone láti iOS 14 máa ń fi àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà tí ráútà fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) bòókẹ́lẹ́ wọlé, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ wọn lára.

Nítorí náà, ẹ pín ilé sí méjì. Ká ní ẹ̀rọ mẹ́rìndínlógún ló wà. Mẹ́jọ kúrò lórí Wi-Fi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ wo ping. Tí kò bá dáa, àárín àwọn mẹ́jọ tó kù ni ẹ óò ti wá a. Tó bá dáa, inú àwọn tó kúrò ló wà. Ẹ pín apá náà sí mẹ́rin-mẹ́rin, lẹ́yìn náà méjì-méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré, ẹ ti bá a. Ẹ má gbàgbé tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti fóònù àtijọ́ tí ẹnì kan fi sílẹ̀ lórí ṣájà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n máa ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tí ara kò sì tíì yá Wi-Fi tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìyókù.

## Upload: nígbà tí ọ̀nà àjáde bá dí

Ẹ ṣọ́ ìgbà tí iná bá dé. Iná ti lọ láti àárọ̀, ìnvátà ló ń gbé ráútà. Aago mẹ́jọ alẹ́, a gbọ́ "Ọ̀p NEPA!" láti òpin àdúgbò kan dé èkejì, ìró súìṣì ń dún láti yàrá dé yàrá, gbogbo fóònù wọ ṣájà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Wi-Fi kú. Àwọn èèyàn á ní iná ló bà á jẹ́. Iná kọ́ o. iPhone tó bá wà lórí ṣájà, tí ojú rẹ̀ wà ní títì, tó sì wà lórí Wi-Fi, ìgbà náà ni iCloud Backup ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Play Store náà ń dúró de ṣájà kó tó tún ápù ṣe. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, OneDrive àti Windows Update ti jí. Gbogbo wọn ya lu ráútà kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fídíò kan tó tó 300 MB, lórí ọ̀nà tí upload rẹ̀ jẹ́ 5 Mbps (mẹ́gábíìtì márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan), máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ láìsí ẹlòmíràn lọ́nà. Ẹni tó ti òde ìgbéyàwó dé pẹ̀lú fídíò mẹ́wàá ti gba ọ̀nà fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Kò mọ̀. Ó ti sùn.

Ẹ lè ní, upload lòun ń ṣe, kí ló kan download tèmi? Ohunkóhun tí fóònù yín bá ń gbà wọlé, ó gbọ́dọ̀ máa dá èsì kékeré padà pé "mo ti rí i gbà". Tí èsì yẹn bá tò sẹ́yìn fídíò òde ìgbéyàwó, ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín á dúró.

### Lórí ẹ̀rọ ẹni náà

- iPhone: Settings, Wi-Fi, àmì "i" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi yín, kí ó tan Low Data Mode.
- Android: nínú ètò Wi-Fi yín, kí ó sọ ọ́ di Metered (Wi-Fi tí a ń ṣọ́ dátà rẹ̀ lò). Nínú Google Photos, kí ó pa Backup títí di òru.
- Windows: Metered connection níbẹ̀ náà. Kí ó tún wá Delivery Optimization lábẹ́ Windows Update, kí ó pa á, torí láptọ́ọ̀pù náà lè máa pín àtúnṣe Windows fún àwọn tí kò mọ̀ rí.
- Ẹni tó ń lo torrent: kí ó fi gbèdéke sí upload rẹ̀. Pé fíìmù ti wọlé tán kò ní kó dákẹ́, á ṣì máa pín in kiri àfi tó bá dá a dúró.

### Lórí ráútà

1. Ẹ wọn upload ní àárọ̀, ní ọ̀sán, àti ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ mú èyí tó kéré jù.
2. Ẹ wá QoS tàbí Bandwidth Control nínú ráútà, ibi tí a ti ń fi gbèdéke sí eré. Lórí MikroTik, Queues ni.
3. Ẹ kọ ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn síbẹ̀. Tí èyí tó kéré jù bá jẹ́ 5 Mbps, ẹ kọ 4. Ó dà bí ẹni pé ẹ fi nǹkan ṣòfò, àmọ́ tí ẹ bá kọ 5 gan-an, ìlà gígùn náà á ṣì wà níta, níbi tí ọwọ́ yín kò tó.
4. Tí ráútà bá ní SQM, fq_codel tàbí CAKE (àwọn ètò tó ń to ìlà fúnra wọn), ẹ lo ìyẹn, kò sí ìdí láti tún fi gbèdéke sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń dá pín in dọ́gba, ẹni tó bá dá wà nílé sì lè gba gbogbo rẹ̀.
5. Ẹ tún ping méjì ṣe.

MiFi púpọ̀ kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ó kàn lè dín iye èèyàn kù ni. Tí ẹ bá ju mẹ́rin lọ, ẹ dá owó ráútà gidi.

## Afẹ́fẹ́: nígbà tí ẹni tó jìnnà bá ń dá gbogbo ilé dúró

Ẹ ronú nípa kànga tó ní ike ìfami kan ṣoṣo. Olúkúlùkù máa ń fa ike kan, á gbé e fún ẹni tó kàn. Ó lọ bó ṣe yẹ, títí ó fi kan ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára. Ike kan náà ló fà, kò fa jù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà dúró tì í.

Bí Wi-Fi ṣe rí nìyẹn. Lórí chánẹ́ẹ̀lì kan, ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹrù kan tó jẹ́ báìtì 1500, tí ẹ̀rọ tó jìnnà bá gbé e ní 1 Mbps, ó gba 12 ms nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó súnmọ́, ní 54 Mbps, kò lò tó ìdámẹ́rin ms kan. Ìgbà tí ọ̀kan fi gbé ẹyọ kan, èkejì ì bá ti gbé ju àádọ́ta lọ.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. Nínú ilé kan tí mo gbé rí nítòsí South Gate, gbogbo wa mọ ẹni tó ń jẹ Wi-Fi: ọmọ kíláàsì kẹta tó wà ní yàrá kẹfà, tí kì í sinmi fíìmù. Èmi ni mo mọ páswọ́ọ̀dù ráútà, èmi ni mo dí i pa. Ọjọ́ méjì, kò dáa. Ní ọjọ́ kẹta mo tó wo ojúewé ráútà dáadáa, mo rí ẹ̀rọ kan tí kò lórúkọ, agbára Wi-Fi rẹ̀ -84 dBm (bí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì ìyọkúrò bá ṣe tóbi tó ni agbára ṣe kéré tó), tó ń gbé nǹkan jáde tọ̀sán-tòru. Kámẹ́rà tí bàbá onílé so mọ́ géètì ni. Ó wà lẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ó ń fi fídíò ránṣẹ́ sókè ní gbogbo ìṣẹ́jú. Upload àti afẹ́fẹ́, ó so méjèèjì pọ̀.

Mo lọ bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ má bínú sà, ó jọ pé kámẹ́rà géètì ló ń dí Wi-Fi lọ́wọ́."

Bàbá wò mí títí. "Kámẹ́rà? Kámẹ́rà tí kò wo YouTube rí?"

Ó gba ìdajì wákàtí kí wọ́n tó gbà, nígbà tí mo yọ kámẹ́rà lójú wọn tí ping sì wálẹ̀. A fa wáyà láti ráútà dé géètì, a fi káàdì sínú kámẹ́rà kó máa gba àwòrán pa mọ́ síbẹ̀, kó máa ránṣẹ́ sókè kìkì nígbà tí nǹkan bá rìn kọjá. Mo gbé mọ́ọ̀tì tútù méjì lọ sí yàrá kẹfà. Ó gbà á, àmọ́ ó pẹ́ kó tó máa kí mi.

### Ohun tí ẹ máa ṣe, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò náni lówó

1. Ẹ wo agbára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ráútà, tí ó bá ń fi hàn. Tó bá jẹ́ -50 tàbí -60, ó dáa. -67 ṣì ń gbé ìpè fídíò. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ju -75 lọ, bíi -80, ni kí ẹ fura sí.
2. Ẹ gbé ráútà kúrò nílẹ̀, kúrò lẹ́yìn fíríìjì àti ara irin fèrèsé. Ẹ gbé e sókè, sí àárín ilé. Yàrá ẹni tó mú owó wá jù kọ́ ni àárín ilé o.
3. Àwọn tó súnmọ́ ráútà, kí wọ́n bọ́ sórí 5 GHz. Kì í wọ ògiri púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tú 2.4 GHz sílẹ̀ fún àwọn tó jìnnà.
4. Lórí 2.4 GHz, chánẹ́ẹ̀lì 1, 6 tàbí 11 nìkan ni kí ẹ lò, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 20 MHz. Ẹ fi ápù WiFi Analyzer wo èyí tí àwọn aládùúgbò kò tíì kún inú rẹ̀.
5. Tí Airtime Fairness (ètò tó ń pín àkókò orí afẹ́fẹ́ dọ́gba) bá wà nínú ráútà, ẹ tan án.
6. Ẹ yọ 802.11b, irú Wi-Fi àtijọ́ tó lọ́ra, kúrò. Níbi Wireless Mode, tó bá wà ní 11b/g/n, ẹ sọ ọ́ di 11g/n. Ìwọ̀n tó kéré jù á kúrò ní 1 Mbps, á di 6. Ìkìlọ̀: ẹ̀rọ tó ti gbó gan-an lè má lè wọlé mọ́.
7. Ẹni tó jìnnà tí kò ṣeé gbé súnmọ́, wáyà ni. Ẹyọ wáyà Cat5e kan lè lọ tó mítà 100. Ẹ fi ráútà kejì sí òpin rẹ̀ ní AP mode (kó kàn máa tan Wi-Fi ká), kí chánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ má tíì sáré lọ ra ẹ̀rọ àtúngbé (repeater) tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí chánẹ́ẹ̀lì kan, ó sì ń tún un sọ lórí chánẹ́ẹ̀lì náà. Yàrá ẹni tó rà á á dáa, ìyókù ilé á san gbèsè rẹ̀.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

- Pípa ráútà àti títàn án láràárọ̀. Ó ń dáa fún ogún ìṣẹ́jú, torí gbogbo upload ti dúró ná. Wọ́n á padà.
- Yíyí páswọ́ọ̀dù. Ó wúlò tí àjèjì bá wà lórí Wi-Fi. Tó bá jẹ́ ará ilé ni, ẹ ṣì máa fún un ní tuntun.
- Fífi MAC dí èèyàn pa. Ó máa yí i padà nínú Settings, á tún wọlé.
- Kí gbogbo ilé máa ṣe speed test papọ̀ láti mọ ẹni tó burú. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń dí ọ̀nà nígbà náà.
- Ríra dátà ńlá sí i. Kò sí iye GB tó ń tú afẹ́fẹ́ tó dí.
- Yíyí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá dáa ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é, tó bá bàjẹ́ sí i ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa dá padà. Ẹ ya àwòrán ojúewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀kan wà tó máa ń jọ Wi-Fi tó lọ́ra, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn kan wọlé, wọn ò rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, àwọn mìíràn ń rí i. Ẹ wo àdírẹ́sì wọn. Tí ti àwọn kan bá jẹ́ 192.168.0 tí ti àwọn yòókù jẹ́ 192.168.1, ẹnì kan ti ki ráútà tirẹ̀ bọ wáyà ilé láti ojú ihò LAN, ó sì ń pín àdírẹ́sì kiri. Kí ó yọ ọ́, tàbí kí ó pa DHCP inú rẹ̀, ohun tó ń pín àdírẹ́sì náà.

## Tí ẹ bá rí ẹni náà

Ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ping hàn án nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà lórí Wi-Fi àti nígbà tí kò sí. Orí WhatsApp ilé kọ́ ni ẹ ti máa sọ ọ́. Tó bá jẹ́ àgbà ni, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti ẹ̀rọ, kó má jẹ́ tirẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá gba upload, bí ẹni tó ń tajà lórí Instagram tàbí tó ń gé fídíò, ẹ jọ fi àdéhùn sí aago: láti aago kan òru sí márùn-ún ìdájí, gbogbo ọ̀nà jẹ́ tirẹ̀. Tí kò bá gbà, ẹ fi gbèdéke sí i nínú ráútà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti ṣe é àti iye tí ẹ kọ síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí iná bá dé, ẹ tún ping méjì ṣe. Ẹ kọ nọ́ńbà tuntun sábẹ́ ti àtijọ́, pẹ̀lú déètì àti ohun tí ẹ yí padà, kí ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà.